Orí Kẹfà: Bí Wíìlì Iwájú Yóò Ṣe Máa Sinmi

Bí ẹ bá ra Chevrolet K10, GMC, Dodge W200 tàbí Ford F-150 fóò-wíìlì tí wọ́n ṣe láàárín 1973 sí 1979, tí gíà rẹ̀ sì jẹ́ ọtomátíìkì, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Àpótí irin ńlá kan wà lẹ́yìn gíà. Òun ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tìráńsífà, òun ló ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún wíìlì iwájú àti ti ẹ̀yìn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, NP203 ni tìráńsífà náà, iṣẹ́ ọwọ́ ilé-iṣẹ́ New Process Gear ní ìlú Syracuse, ìpínlẹ̀ New York. Kò ṣòro láti dá mọ̀. Ọ̀pá gíà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ní ibùdúró márùn-ún: LOW LOC, LOW, N, HIGH, HIGH LOC. Kò sí ibi tí wọ́n kọ wíìlì méjì sí, nítorí pé ọkọ̀ náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi wíìlì méjì rìn. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí a lè fọwọ́ yí láàárín wíìlì iwájú. Àwo irin lásán ló bo ojú hóòbù.

Fóò-wíìlì ìgbà gbogbo nìyẹn. Láti ìgbà tí ẹ bá ti ṣáná sí i títí tí ẹ ó fi pa á, wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń gba agbára. Ohun tó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe lórí ọ̀dà gbígbẹ ni dífúrẹ́ńṣà kẹta tó wà nínú tìráńsífà fúnra rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń ya kọ́nà, ọ̀nà tí wíìlì iwájú ń tọ̀ gùn ju èyí tí ti ẹ̀yìn ń tọ̀ lọ, ó sì di dandan kó yí jù ú lọ. Dífúrẹ́ńṣà àárín yìí ló ń gba ìyàtọ̀ náà mọ́ra. Tí ẹ bá gbé ọ̀pá sí LOC, ẹ ti dè é nìyẹn: iwájú àti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ yí bákan náà. Nínú ẹrẹ̀, yanrìn tàbí yìnyín, táyà á yọ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Àmọ́ lórí ọ̀dà gbígbẹ, ewúrẹ́ méjì tí wọ́n so mọ́ okùn kan ni: bí ọ̀kan bá fẹ́ yà, èkejì á fà á padà. Ṣéènì inú tìráńsífà, pùrópẹ́là àti oríkèé wọn ló ń jìyà ìjà náà.

Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ọgbọ́n tó dára ni. Awakọ̀ kò ní bọ́ sínú òjò kó tó lè yí hóòbù, kò sì ní máa ronú bóyá kí òun gbé ọ̀pá tàbí kí òun má gbé e. Àkókò ni kò bá a mu. Ní oṣù Kẹwàá 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tó ń wa epo rọ̀bì dá epo tí wọ́n ń tà fún Amẹ́ríkà dúró, epo bẹ́ńtíróò gbówó lórí, àwọn ènìyàn sì ń tò fún un. Ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì V8 ńlá tó ń yí ààsù méjì láìdáwọ́ dúró kò lè ṣe kó má rò ó. Nígbà tí ọkọ̀ ti 1980 fi jáde, àwọn tó ń ṣe wọ́n ti padà sí fóò-wíìlì ìgbà ìnílò. Àwọn tó ti ra ti tẹ́lẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ bíi Mile Marker ń ṣe àkójọ páàtì, tí wọ́n ń pè ní kíìtì, fún, kí wọ́n lè yí tiwọn padà.

Apá kan nínú àtúnṣe yìí tilẹ̀ ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1948, Arthur Warn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe hóòbù tí a lè fọwọ́ tì tàbí ṣí, fún àwọn jíìpù ogun tí ará ìlú ń rà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, kí iwájú wọn lè máa sinmi ní ojú títì. Ohun kan náà lẹ fẹ́ ṣe.

Kí ni ẹ ó jẹ níbẹ̀?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa ń béèrè ni epo. Mo fẹ́ sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: bí epo nìkan bá ni ìdí, ẹ fi owó yín pamọ́. V8 onílítà méje tó ń lo kábúrétọ̀ á ṣì mu epo bó ṣe ń mu ún. Ìyàtọ̀ díẹ̀ á wà, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ gan-an kí ìyàtọ̀ náà tó dá owó páàtì padà.

Èrè tó wà níbẹ̀ gan-an ni ti irin. Ṣéènì NP203 kì í sinmi. Ó ń yí ní gbogbo kìlómítà tí ọkọ̀ ń rìn, bó bá sì ti ń gbó ni ó ń gùn sí i, títí táa fi máa gbọ́ tí ó ń fò lórí eyín nígbà tí ẹrù bá wúwo tàbí tí ọkọ̀ bá ń pọ́n òkè. Pùrópẹ́là iwájú, oríkèé rẹ̀, dífúrẹ́ńṣà iwájú, síìlì tó ń mú ọ́ìlì dúró, gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí kò ní ọjọ́ Àìkú. Bí ẹ bá fún wọn ní ìsinmi, ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún á tún lè lò pẹ́ sí i. Ariwo abẹ́ ọkọ̀ á dínkù, ọwọ́ ìtọ́kọ̀ á sì fúyẹ́ díẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló yẹ kó ṣe é. Bí ẹ bá ń gbé ní ibi tí yìnyín ń bo títì fún oṣù púpọ̀, tí títì ń yọ̀ lónìí tó sì gbẹ lọ́la, fóò-wíìlì ìgbà gbogbo ṣàǹfààní ju ohun tí ẹ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ kò ní lè fi wíìlì mẹ́rin rin títì gbígbẹ mọ́ rárá. Wíìlì méjì ẹ̀yìn ni ẹ ó máa fi rìn nínú òjò, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ní ẹrù lẹ́yìn sì máa ń yọ̀. Bí àwọn tó ń wa ọkọ̀ náà bá pọ̀ nínú ilé, tí kò sì dájú pé gbogbo wọn ló máa rántí ìgbà tí wọ́n á ti hóòbù àti ìgbà tí wọ́n á ṣí i, ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà.

Ìdajì iṣẹ́ ni ó ń ba ọkọ̀ jẹ́

Àtúnṣe yìí ní apá méjì: inú tìráńsífà àti hóòbù iwájú. A kì í ṣe ọ̀kan ká fi èkejì sílẹ̀. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí ni pé hóòbù rọrùn láti rà, ó rọrùn láti dè, àwọn tó ń tà á kì í sì í béèrè irú tìráńsífà tí ẹ ní.

Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin kan de hóòbù tuntun mọ́ wíìlì iwájú, inú rẹ̀ dùn, ó ṣí i kúrò ní títì, ó wọkọ̀, ó gbé gíà sí D, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ epo. Ẹ́ńjìnnì ń ké, abẹ́ ọkọ̀ ń hó, ọkọ̀ kò kúrò lójú kan. Tí ènìyàn bá wo abẹ́ rẹ̀, pùrópẹ́là iwájú ni yóò rí tó ń yí wìn-ìn-wìn. Dífúrẹ́ńṣà àárín ti rí i pé iwájú kò ní ohun tó ń dí i lọ́wọ́ mọ́, ó sì da gbogbo ìyípo síbẹ̀. Bí dífúrẹ́ńṣà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ibi tó bá rọrùn ló ń sá lọ.

Àwọn kan wá rí i pé bí wọ́n bá gbé e sí HIGH LOC, ọkọ̀ á rìn. Lóòótọ́ ni. Nítorí náà wọ́n á fi í sí LOC títí ayé, wọ́n á sì máa sọ fún ẹlòmíràn pé àtúnṣe ti parí. Ṣùgbọ́n ṣéènì ṣì ń yí, pùrópẹ́là iwájú ṣì ń yí, kò sí ohun kan tó sinmi, títí dé ààsù méjì tó wọ inú hóòbù. Àwọn mìíràn á tú pùrópẹ́là iwájú kúrò pátápátá, wọ́n á sì máa rìn ní LOC. Èyí wúlò bí oríkèé rẹ̀ bá já lójú ọ̀nà tí ẹ fẹ́ dé ilé. Ọgbọ́n ìgbà pàjáwìrì ni, kì í ṣe àtúnṣe.

Ẹ yẹ ẹ́ wò kí ẹ tó náwó

Páàtì tuntun kò lè wo tìráńsífà tó ti gbó sàn. Ẹ kọ́kọ́ wakọ̀ náà lórí ilẹ̀ rírọ̀ ní LOC, kí ẹ tẹ epo dáadáa. Bí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan ń dún gbàmù-gbàmù, tí ọkọ̀ sì ń fò, ṣéènì ti gùn jù. Ẹ tú ọ́ìlì díẹ̀ sílẹ̀ sínú abọ́ funfun: ọ́ìlì dúdú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ bí ó bá ń dán bíi pé wọ́n da lẹ́ẹ̀dì sí i, irin ń jẹ irin nínú ibẹ̀. Ẹ di pùrópẹ́là iwájú àti ti ẹ̀yìn mú, kí ẹ mì í sókè sódò ní ibi tó ti wọ tìráńsífà. Bí ó bá ń jó, bíárìn ti lọ.

Bí àrùn náà bá ti ju méjì lọ, èmi ò ní ra kíìtì. Màá wá NP205. Irin yíyọ́ ni gbogbo ara rẹ̀, gíà lórí gíà ni, kò ní ṣéènì, ti ìgbà ìnílò sì ni láti ilé-iṣẹ́ wá. Nínú ọkọ̀ àwọn ọdún kan náà tí gíà wọn jẹ́ ti ọwọ́ ni a sábà máa ń rí i. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àárín òun àti gíà yín nílò irin ìsopọ̀ tó bá a mu, a sì gbọ́dọ̀ tún gígùn pùrópẹ́là ṣe. Owó rẹ̀ á ju ti kíìtì lọ, ṣùgbọ́n a kì í tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ ṣí ìdérí hóòbù kan kí ẹ tó ra tuntun. Ẹ ka eyín tó wà lórí àgbékọ́ ààsù, ẹ ka bọ́ọ̀tì tó yí hóòbù ká, ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ méjì tí orúkọ wọn jọ, tí ọdún wọn sì súnmọ́ra, lè ní ààsù tí kò jọra. Ẹni tó bá ń fi orúkọ ọkọ̀ nìkan ra hóòbù á lọ sí ilé páàtì lẹ́ẹ̀mejì.

Iṣẹ́ náà gan-an

Ẹ fi òkúta tàbí igi há wíìlì kí ẹ tó gbé jáàkì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni mo ń sọ yìí. Nínú ọkọ̀ tó ní dífúrẹ́ńṣà àárín tí a kò dè, P tó wà lórí gíà kò tó láti dá ọkọ̀ dúró: bí ẹ bá ti gbé wíìlì kan ṣoṣo kúrò nílẹ̀, wíìlì yẹn ti rí àyè yí, àwọn mẹ́ta yòókù náà sì ti rí àyè rìn. Ọkọ̀ ti já bọ́ lórí jáàkì báyìí rí. Ẹ há wíìlì, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi ìdúró irin gbé férémù.

NP203 wúwo púpọ̀, nítorí irin yíyọ́ ni. Ó dùn mọ́ni pé dífúrẹ́ńṣà àárín wà ní apá ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì sì máa ń ṣe iṣẹ́ náà láìsọ tìráńsífà kalẹ̀. Ẹ fa ọ́ìlì rẹ̀ jáde. Kò ní tán lẹ́ẹ̀kan, torí kọ̀rọ̀ tí ọ́ìlì ń sá sí nínú rẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá tú bọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ lára àwọn ìdérí ẹ̀yìn, òmíràn á tún dà. Ẹ tú pùrópẹ́là ẹ̀yìn, ẹ fi gègé sàmì sí bó ṣe wà kó lè padà síbi tó wà. Ẹ yọ okùn ìṣirò eré. Lẹ́yìn náà ẹ tú ilé irin tó wà lẹ́yìn pátápátá, dífúrẹ́ńṣà á sì fara hàn.

Ẹ fà á jáde jẹ́jẹ́, kí abọ́ wà nísàlẹ̀. Àwọn rólà kéékèèké tó rí bí abẹ́rẹ́ wà nínú ibẹ̀, wọn ò sì so mọ́ ohunkóhun. Bí ẹ bá fà á bí ẹni fa iṣu, wọ́n á tú ká bí àgbàdo. Ẹ kà wọ́n, ẹ kọ iye wọn sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń dá èyí tí a tún máa lò padà, ẹ fi gírísì ki wọ́n mọ́ àyè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ti irin wọlé. Rólà kan tó bá ṣubú sínú ṣéènì á ná yín ní tìráńsífà tuntun.

Páàtì inú kíìtì gba ipò dífúrẹ́ńṣà náà. Kò sí ohun tó díjú nínú rẹ̀: ọ̀pá irin oníhò tó ní eyín, tó de ọ̀pá tó ń bọ̀ láti gíà mọ́ èyí tó ń lọ sí ẹ̀yìn, tí kò sì ní dá agbára kankan fún iwájú àfi bí ẹ bá gbé e sí LOC. Ẹ tẹ̀ lé ìwé tó bá kíìtì wá ní ìṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, pàápàá lórí ibi tí òrùka irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní sákílíìpù wà. Ẹ pààrọ̀ gbogbo síìlì àti gásíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá ti fọwọ́ kàn, kódà èyí tó dà bí tuntun. Ẹ máa fọwọ́ yí ọ̀pá náà bí ẹ ṣe ń dè é. Bí ó bá há ní ibi kan, ẹ dúró, ẹ tú u. Ẹ má fi bọ́ọ̀tì fà á wọlé.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 10W-30 ni àwọn tó ṣe NP203 ní kí a máa lò, kì í ṣe ọ́ìlì gíà tó ki. Èyí máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ẹ kún un dé ẹnu ihò tí a ń gbà rọ ọ́, nígbà tí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Bí ìwé kíìtì bá sọ ohun tó yàtọ̀, ti kíìtì ni kí ẹ gbà.

Hóòbù ni ó kù. Àwo irin tó bo ojú rẹ̀ á kúrò, ohun tó de ààsù mọ́ ọn á kúrò, tuntun á sì rọ́pò wọn. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti dé ibẹ̀, ẹ tú bíárìn wíìlì, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi gírísì tuntun kún un. Nọ́ọ̀tì tó dè é ní ihò mẹ́rin létí, sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ sì wà lọ́jà; ẹ má fi òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì gbá a yí, nítorí ẹ ò ní mọ bó ṣe le tó. Ẹ dè é bí wíìlì ṣe ń yí kí bíárìn lè jókòó, ẹ tú u padà díẹ̀ bí ìwé ọkọ̀ náà ṣe sọ, ẹ wá fi nọ́ọ̀tì kejì tì í. Inú hóòbù fúnra rẹ̀ kò fẹ́ gírísì púpọ̀. Ẹ fi díẹ̀ pa á lára tó. Èyí tí a bá rọ gírísì kún ẹnu rẹ̀ kì í tì dáadáa, pàápàá nígbà òtútù.

Lílo rẹ̀ lẹ́yìn náà

Ìtumọ̀ ọ̀pá gíà ti yí padà. HIGH ti di wíìlì méjì fún títì. HIGH LOC ni wíìlì mẹ́rin, LOW LOC ni wíìlì mẹ́rin pẹ̀lú agbára tó pọ̀, nítorí LOW ń sọ agbára ìyípo di ìlọ́po méjì. LOW tí kò ní LOC ti di wíìlì méjì pẹ̀lú agbára tó pọ̀, gbogbo agbára yẹn ló sì ń lọ sórí pùrópẹ́là ẹ̀yìn nìkan. Ó dára fún fífi ẹ̀yìn wọ ibi híhá nígbà tí ẹ ń fa tírélà. Ẹ má fi tẹ epo gan-an.

Ẹ dán an wò ní àyè gbígbòòrò. Hóòbù ṣí, HIGH: ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rìn, pùrópẹ́là iwájú gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Hóòbù tì, HIGH LOC, lórí ilẹ̀ rírọ̀: iwájú gbọ́dọ̀ máa wa ilẹ̀ bí ẹ̀yìn. Hóòbù ọwọ́ ọ̀tún àti ti òsì gbọ́dọ̀ wà bákan náà nígbà gbogbo. Ẹ̀rù òjò kò ní bà yín bí ẹ bá ti ti hóòbù méjèèjì láti ilé kí ẹ tó jáde. Ọkọ̀ á ṣì máa rìn ní wíìlì méjì títí ẹ ó fi gbé ọ̀pá sí LOC.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ta kíìtì kì í pariwo rẹ̀. Ṣéènì tó ti dúró kò ní máa ta ọ́ìlì sókè mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tó wà lókè níwájú tìráńsífà ń retí ọ́ìlì yẹn. Ẹ máa ti hóòbù lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ wa ọkọ̀ náà ní kìlómítà díẹ̀ kí gbogbo iwájú lè yí. Síìlì ààsù iwájú náà ń fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí gbígbẹ ló ń là á.

Mo ti ń bá ọkọ̀ Amẹ́ríkà bọ̀ nítorí òun ni ìwé yìí dá lé. Àmọ́ ẹni tó ní Land Cruiser 80, irú èyí tí Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1990, tí ó sì ṣì pọ̀ ní Nàìjíríà, lè rí i pé ọgbọ́n kan náà ni. Dífúrẹ́ńṣà àárín wà nínú tìráńsífà HF2A rẹ̀, irin ìdè kan ló ń gba ipò rẹ̀, hóòbù tó ń tì sì ń gba ipò àwo irin iwájú. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé Toyota fúnra rẹ̀ ta Land Cruiser 80 mìíràn tó jẹ́ ti ìgbà ìnílò, tí tìráńsífà rẹ̀ ń jẹ́ HF1A. Nítorí náà, hóòbù ilé-iṣẹ́ wà fún un, àwọn tó mọ ọjà Ladipo ní Mushin sì lè wá tòkunbọ̀ rẹ̀ rí. Ẹ ka eyín rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ẹ lẹ ìwé kékeré mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tó sọ ohun tí ibùdúró kọ̀ọ̀kan ń ṣe báyìí, nítorí orúkọ àtijọ́ ṣì wà lórí ọ̀pá, ẹni tó bá yá ọkọ̀ yín kò ní mọ̀. Kí ẹ sì kó dífúrẹ́ńṣà tí ẹ yọ, pẹ̀lú àwo irin méjèèjì àti bọ́ọ̀tì wọn, sínú àpótí, ẹ fi ọ́ìlì pa wọ́n, ẹ tọ́jú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ náà lọ́jọ́ iwájú lè fẹ́ ẹ bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é.